Ẹ Gbé Obìnrin Onírun Aró Padà Sára Ògiri

Agbo Ilé Àbọ̀dé,
Fìdítì,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀,
Gbọ̀ngàn Ìrẹ̀pọ̀,
Ìlọrà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ KA LẸ́TÀ MI ÀKỌ́KỌ́ SÍ MỌ́

Èmi ni mo kọ̀wé sí yín lóṣù tó kọjá pé kí ẹ gbé àwòrán tí Bushrah Láwàl ṣe kúrò lára ògiri yín. Ọjọ́ kejì lẹ ti gbé e kúrò. Láti ọdún márùndínlógójì tí mo ti ń kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ nípa gọ́tà iwájú ilé wa, n kò rí irú ìyára bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúpẹ́, àmọ́ àṣìṣe ni mo ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Nínú pálọ̀ mi, a kì í yọ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kúrò. Tuntun la máa ń kọ́ lé ògbólógbòó lórí, lójú ìṣó kan náà. Nígbà tí mo fẹ́ kun ilé ṣáájú Iléyá, Bushrah, ọmọ aládùúgbò mi tó ń fi bébà, àǹkárá, ìdérí ìgò àti ọ̀dà ṣe àwòrán, ní kí n fún òun ní àwọn kàlẹ́ńdà náà. Mọ́kànlá ni. Mo dì wọ́n fún un láìwo ẹyọ kan. N kò rántí pé ti Ẹgbẹ́ Àlùbáríkà, ọdún 1999, ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, àti pé inú rẹ̀ ni olóògbé Àwẹ̀ní, ìyàwó mi, wà.

Àwẹ̀ní kò fẹ́ràn fọ́tò. Bó bá rí kámẹ́rà, á fi ìborùn bojú. Ẹgbẹ́ ló fipá mú un lọ́jọ́ yẹn. Kò sí fọ́tò rẹ̀ mìíràn.

Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn yín, mo bá fọ́tò Àwẹ̀ní tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ àárín pákó ńlá kan lára ògiri. Bushrah ti kun irun rẹ̀ láró, ó sì ti fi ike pupa gé jígí sójú rẹ̀. Orí àwọn alága ẹgbẹ́ mẹ́tàdínlógún wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan ní àwọ̀ ewé, àwọn kan ní àwọ̀ osùn, gbogbo wọn fajú ro. Inú bí mi gan-an. Mo kọ ọ́ sí yín pé ẹ̀gàn òkú ni. Mo kó ọ̀rọ̀ náà jẹ báyìí.

Bushrah kò bá mi jà. Ó wá sílé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, nínú gbogbo kàlẹ́ńdà mọ́kànlá, Ìyá nìkan ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo sì pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ẹni tó ń ya fọ́tò ni mo dúró sí, mo dé fìlà mi sódì.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo wá wò ó. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú yàrá tí ẹ ń kó ẹrù sí, àga oníke wà lórí rẹ̀, òrùlé sì ń jò. Mo bẹ olùṣọ́ pé kó jẹ́ kí n gbé e sórí tábìlì. Ó ní kò ṣeé ṣe, lẹ́tà mi ṣì wà nínú fáìlì.

Mo bẹ yín, ẹ gbé e padà kí òjò mìíràn tó rọ̀. N kò ní kí ẹ gbé e fún mi. Iṣẹ́ Bushrah ni, ibi tí aráyé ti lè rí i ló yẹ kó wà. Ẹ má fọ irun rẹ̀, ẹ má sì yọ jígí rẹ̀. Ẹ kàn gbé e kọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì gbà mí láàyè láti máa jókòó síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. N kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Fìlà mi nìkan ni n óò dé sódì.

Ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín, ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́,

Abdulwasiu Àbọ̀dé,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì.