Ọmọ Tí Bọ́ǹbù Gbé Lọ Tí Mo Fi Ẹnu Jí Dìde

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, mo ti fi fìlà gba bọ́ǹbù rí. Bẹ́ẹ̀ ni o, fìlà abetí-ajá tí mo dé sórí ní Èkó nígbà ogun, mo ṣí i lórí, mo fi gba bọ́ǹbù bí ẹni gba ọsàn tó já látorí igi, ó gbóná, mo fẹ́ ẹ fùú, mo sì sọ ọ́ padà sókè, ẹni tó jù ú kò tíì délẹ̀ títí di òní. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Gbogbo Treichville ló ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ kó tó kàn yín... Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí kò rẹ́rìn-ín, òun ló sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára mi, ẹ bá mi dá sí i kí n tó fi ẹnu lásán pa èèyàn.

Ẹ má béèrè orúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mo dé Abidjan nígbà tí afárá ńlá orí ọ̀sà ṣì jẹ́ tuntun, àgádágodo àti ìṣó ni mò ń tà lọ́jà Treichville. Mo kàwé dé Standard Two kí tíṣà tó lé mi dànù nítorí irọ́, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ìwé mi ti wọ́, ẹ bá mi na án. Inú kúù kan là ń gbé, bí àwọn ará ibí ṣe ń pe agbo ilé tí gbogbo ènìyàn ti háyà yàrá, tí gbogbo wa jọ ń pọn omi níbi ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ inú kúù náà ń pè mí ní Papa Bombe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ìyẹn jáde, wọn yóò mọ̀ pé èmi ni.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù mi rèé. Ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀ nílé, mo lọ ra ọjà ní Èkó, mo wà lórí àga onígbàjámọ̀, ó ti fá apá kan orí mi, ni nǹkan bá dún GBÒLÀ ní òpópónà kejì. Ilẹ̀ mì. Dígí onígbàjámọ̀ já, ó fọ́ yángá. Ìgbà tí mo máa lajú, abẹ́ àga ni mo wà, èmi àti onígbàjámọ̀, a di ara wa mú bí tọkọtaya. Nígbà tí a jáde, èéfín, igbe, bàtà ẹsẹ̀ kan láàárín títì... mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orí tí wọ́n fá ní ìlàjì yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀, n kò sì yọjú síta títí a fi kọjá Cotonou. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, ìdí mi ń kúrò lórí àga. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìtàn abẹ́ àga? Ìrọ̀lẹ́ tí mo dé, lórí bẹ́ńṣì Alaaji nínú kúù, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà, bọ́ǹbù kan di méjì. Nígbà tó máa fi di oṣù tó tẹ̀ lé e, mo ti ń gbọ́ èdè wọn, mo mọ èyí tó ń súfèé àti èyí tó ń dákẹ́ bọ̀, mo mọ akọ, mo mọ abo. Alaaji á ní, “Bàbá, abo wọn ń kọ́? Ṣé ó máa ń lóyún?” Èmi á ní, bí kò bá lóyún, báwo ni wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ nínú rédíò?

Ẹ wo ohun tí mo fi ń ṣeré.

Ìyá Obinna ni orúkọ obìnrin náà. Ìgbò ni, aránṣọ ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí bẹ́ńṣì wa. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti wà ní Abidjan ṣáájú ogun, ọkọ rẹ̀ wá mú ọmọ wọn kan ṣoṣo lọ sílé kí ó lè máa gbọ́ èdè wọn lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Wọn ò tíì padà tí ogun fi dí ọ̀nà. Ọkọ kú lójú ogun. Ọkọ̀ òfuurufú ju bọ́ǹbù sí ọjà tí ìyá àgbà ti ń tajà, Obinna sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n rí òkú ìyá àgbà. Ti Obinna... wọn ò rí i láàyè, wọn ò rí i ní òkú, wọn ò rí ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà ogun yẹn, àwa kan nínú Yorùbá kúù kò kí obìnrin yìí mọ́. Èmi náà wà níbẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. A rò pé kò gbọ́ èdè wa. Ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí wa, á máa fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì rẹ̀, àwa á máa ju bọ́ǹbù lórí bẹ́ńṣì. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń súfèé bí bọ́ǹbù ṣe ń súfèé bọ̀ látòkè, ni máṣíìnì náà dákẹ́. Kò yíjú padà. Ó fi Yorùbá tó já geere béèrè pé, “Bàbá, ṣé ọmọdé máa ń gbọ́ ọ kó tó balẹ̀?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí lẹ̀ bá sọ? Mo ní rárá o, ọmọ mi, ọmọdé kì í gbọ́ ọ, bí ìgbà tí oorun bá gbé e lọ ni. Ó ní ẹ ṣé, Bàbá. Máṣíìnì tún bẹ̀rẹ̀. Alaaji wò mí, ó wo ilẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Ìyá Obinna ti ń kí mi, tó ń bu oúnjẹ fún mi, tó gbà pé kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù bí mi ní gbogbo Côte d'Ivoire. Ṣé kí n sọ fún un nígbà yẹn pé abẹ́ àga ni mo wà?

Ogun parí. Ìparí ọdún kan, mo ń lọ sílé lọ kan páànù sórí ilé mi. Ẹ mọ bí àwa tí a wà nílùú òkèèrè ṣe ń ṣe é: ẹni tó bá ń lọ sílé, ẹrù gbogbo kúù ló ń gbé. Èyí fi aṣọ rán an sí ìyá, èyí fi ọṣẹ rán an sí àbúrò. Bó bá sì dé, á jókòó sí àárín kúù, wọ́n á fún un lómi, á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa jíṣẹ́. Òfin kan wà níbẹ̀ tí a ò kọ síbì kankan: a kì í dá ẹrù tí wọ́n rán wa padà fún ẹni tó rán an. Bí o bá rí i tí a gbé ẹrù rẹ padà wá bá ọ, má béèrè mọ́, ẹni tí o rán an sí ti kú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń túfọ̀ níbí láìlanu. Ìyá Obinna gbé sálúbàtà wá, aláwọ̀ pupa, onídè, ó tóbi ju ẹsẹ̀ ọmọ tó lọ nítorí ó ti dàgbà, ó ní kí n kọjá Odò Ọya, kí n wá a dé àwọn ilé tí wọ́n kó àwọn ọmọ tí ogun yà kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn sí. Ó ní àwọn tí òun ti bẹ̀ ṣáájú ń bẹ̀rù pé bọ́ǹbù ṣì wà nílẹ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá kì í bẹ̀rù. Gbogbo kúù ló ń wo ẹnu mi. Mo wú bí àkàrà. Mo ní mo gbọ́.

Mo dé ibùdókọ̀ l'Ékòó, mo rí ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń tú èéfín bí ilé tó ń jó, dírẹ́bà ní kò sí òmíràn. Mo yí padà, mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gbé sálúbàtà kiri. Bí mo bá gbé e padà, mo ti túfọ̀ ọmọ tí n kò mọ̀ bóyá ó kú. Bí mo bá jù ú nù ńkọ́? Ọkàn mi kò gbà á. Mo fi wọ ọmọ-ọmọ mi lẹ́sẹ̀, mo sì lérò pé bí mo bá dé, n ó fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún un, ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti tú ká.

Nígbà tí mo padà dé Abidjan, Ìyá Obinna kò jẹ́ kí n jókòó. Kò dúró de omi. Inú àpò mi ló gbà lọ, ó tú u, ó tún tú u, ó gbọn àwọn aṣọ mi yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Kò sí sálúbàtà níbẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó ní, “Ó gbà á! Bàbá, ó gbà á!” Ó di orúnkún mi mú, ó ní, “Ṣé ó bá a mu?” Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ, ẹnu ara mi tí mo fi ń jẹun: mo ní ó há a díẹ̀.

Ó há a díẹ̀! Áà! Gbogbo kúù hó yèè. Àwọn obìnrin Jùlá, ẹ̀yà àwọn ará ibí, tó wà lódìkejì sáré wọlé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ṣé ó ṣì ń fi ọwọ́ òsì jẹun, mo ní ọwọ́ òsì náà ni. Ó ní ṣé ó bínú sí òun, mo ní rárá, ó ń béèrè rẹ. Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ló ń gbé ìdáhùn fún mi lọ́wọ́. Mo ti pa irọ́ láyé mi, ṣùgbọ́n n kò rí irọ́ tó dùn mọ́ni bẹ́ẹ̀ rí... wákàtí yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọmọ náà.

Ní báyìí, ó ń kọrin bó bá ń fọ aṣọ. Ó ń rán ṣòkòtò ọmọkùnrin, ó ń fi ègé aṣọ kún ìdí rẹ̀ kó lè fẹ̀, nítorí mo ní sálúbàtà há. Ó ti bá ẹni tó máa ra máṣíìnì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí òjò bá ti dá tí ọ̀nà gbẹ, ó ń lọ, ó sì ní èmi ló máa mú òun lọ, pé èmi nìkan ló mọ ojú Obinna bó ṣe rí báyìí, àti pé bí a bá rí bọ́ǹbù nínú oko, n ó mọ èyí tó ti kú. Mo tú àṣírí fún Alaaji. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Irọ́ tó ń pa wá lẹ́rìn-ín la fi ń bá ọ jókòó, Bàbá. Lọ sọ fún un kí ó tó ta máṣíìnì.” Ìyàwó mi ní kí n má dán an wò, pé ìgbà àkọ́kọ́, bọ́ǹbù ló pa ọmọ yẹn, ìgbà kejì, èmi ló máa pa á, àti pé ta ló mọ̀, ó lè débẹ̀ kó bá a lóòótọ́. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Ṣé kí n sọ ọ́, kó wá jókòó sínú yàrá yẹn láìsí ọmọ, láìsí ìrètí? Ṣé kí n dákẹ́, kí obìnrin tí kò lẹ́nìkan máa fẹsẹ̀ wọ́ inú oko tí bọ́ǹbù wà, torí ọmọ tí mo fi ẹnu dá? Àbí kí n bá a lọ, kí àwa méjèèjì jọ wá a? Ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ bú mi bẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ èyí tí n ó ṣe kí òjò tó dá.

Ẹ kò sì lè gbà mí nímọ̀ràn lórí irọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo pa fún yín. Ti fìlà, ẹ ti mọ̀. Ti ọkọ̀ ni ẹ ò mọ̀. Ọkọ̀ náà kò bàjẹ́. Mo ti wọ̀ ọ́, mo ti gbé sálúbàtà lé itan, ẹ́ńjìnnì ti ń dún dáadáa, ni ẹni tó jókòó tì mí bá ń sọ pé lójú oko àwọn, ọkọ́ ṣì máa ń kan bọ́ǹbù. Mo ní kí dírẹ́bà dúró, mo fẹ́ tọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ dúró sẹ́yìn ògiri, wọ́n pè mí, pè mí, n kò dáhùn, títí ọkọ̀ fi lọ.