Áńpílì Méjì Tó Pín Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi Níyà

Bàbá mi,

Mi ò fi "ọ̀wọ́n" kún un, nítorí inú ń bí mi. Bí kì í bá ṣe ìtìjú, "ìwọ" ni ǹ bá máa pè yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kọ́ wa dáadáa, ẹ sì ti wà nínú ilẹ̀.

Tchaourou ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn kajú ẹ̀yìn ilé ti ń tanná. Màmá ti gbé ẹní rẹ̀ wọ yàrá yín, yàrá tí kì í wọ̀ nígbà ayé yín àfi tó bá fẹ́ gbálẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Ṣé ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ yàrá yẹn dára ju ti gbogbo ilé lọ? Ẹ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ áńpílì méjèèjì, ẹ̀rọ agbóhùnsókè yín, ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyí dúdú àti èyí funfun tí ẹ gbé bọ̀ láti Kùtọnù nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀. Tràńsítọ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, kò sí gílóòbù kankan nínú wọn, bí ẹ ṣe máa ń fọ́nnu fún gbogbo àlejò. Wọn kì í gbé ohùn jáde fún ará ilé. Inú kásìkì tí ẹnì kan ṣoṣo ń dé mọ́ etí ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń pè wá tí a bá ti ilé ìwé dé? Àwọn ẹgbẹ́ wa á ti máa sáré kiri níta. Ẹ ó jókòó sórí àga, èmi àti Ráímì ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sórí ẹní. Ẹ ó dé kásìkì náà mọ́ mi lórí, ó wúwo, ó sì máa ń fa irun mi. Orin kan náà ni lójoojúmọ́, obìnrin kan tó ń kọrin sí gìtá. Ẹ ó yí wáyà sí dúdú, ẹ ó tún yí i sí funfun, ẹ ó wá bi mí pé èwo ló gbé obìnrin náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èwo ló fi í sílẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pè mí ní etí ìkòkò. Tó bá kan Ráímì, á kọjú sí yín, á mi orí, á ní dúdú gbóná, funfun tutù bí omi àmù. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì bù fún un nínú tíì yín. Èmi, ẹ ó ní kí n lọ bá Màmá ṣa òkúta inú ìrẹsì.

Báyìí ni mo ṣe kórìíra ẹ̀gbọ́n mi. Kò wá síbi ìgbéyàwó mi. Èmi náà ò lọ síbi ìkómọ ọmọ rẹ̀.

Lórí àìsàn pàápàá, ẹ kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lójú tonton Sùlé, àbúrò yín, àti gbogbo ẹni tó wá kí yín, ẹ ní kí dúdú di ti Ráímì, nítorí òun ni Ọlọ́run fún létí, kí wọ́n fún èyí yẹn ní funfun. Èyí yẹn ni èmi. Èmi tí mo gbé yín lọ yàgbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Kí ni orúkọ mi ṣe fún yín?

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, tonton Sùlé pè wá sí yàrá yín pé kí oníkálukú gbé tirẹ̀. Mo ní a ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná.

Ráímì rẹ́rìn-ín. "Kí lo tún fẹ́ gbọ́?"

"Ohun tí Bàbá ń gbọ́ ni."

Mo gbé kásìkì sétí, mo fọwọ́ kan bọ́tìnnì ohùn tí ẹ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn rí. Ẹ ti yí ti dúdú sókè díẹ̀ ju ti funfun lọ. Díẹ̀ báyìí ni, àmọ́ ohun tó bá dún sókè díẹ̀ ni etí ń pè ní èyí tó dára. Mo yí i wálẹ̀ títí méjèèjì fi dọ́gba, mo fi ìborùn mi bò wọ́n, mo ní kí tonton máa yí wáyà lábẹ́ rẹ̀.

Ráímì gbọ́. Ó ní kí wọ́n yí i padà. Ó tún gbọ́. Òógùn ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Dúdú nìyí," ló wí. "Ó gbóná."

Tonton ṣí ìborùn. Funfun ni.

A tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní dúdú tutù. Ó bọ́ kásìkì, ó gbé e sórí itan.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan rí," ló wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti kékeré. Ojú Bàbá ni mo máa ń wò. Tó bá ti yí i sí dúdú, ojú rẹ̀ á rọ̀. Ìgbà yẹn ni màá ní ó gbóná. Ẹ̀rù ń bà mí kó má baà pè mí ní ohun tó ń pè ọ́."

"Ah bon? Ṣé òótọ́ ni?" ni tonton Sùlé wí. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín.

Bàbá, ẹ wo ohun tí ẹ ṣe. Ẹ gbé ọmọ méjì sórí ẹní, ẹ sọ ọ̀kan di òpùrọ́, ẹ sọ ìkejì di ọ̀tá rẹ̀, nítorí ìyàtọ̀ tí kò sí. Àbí ó wà? Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Bí ẹ bá gbọ́ ọ, kí ló dé tí ẹ fi ń yí ti dúdú sókè? Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ta ni ẹ ń tàn?

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi aṣọ rírọ̀ nu kásìkì yẹn kí ẹ tó gbé e kọ́, bí ìgbà téèyàn ń nu ojú ọmọ. Ẹ kò nu ojú mi bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò ó pé ńṣe ló wù yín kí ẹnì kan bá yín gbọ́ ohun tí ẹ ń gbọ́, kí ẹ má baà dá wà níbẹ̀. Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀. À bá jókòó tì yín láìsí ìdánwò kankan.

Ráímì kò gbé dúdú. Èmi náà ò gbé funfun. Màmá ti to aṣọ rẹ̀ lé méjèèjì lórí.

Tonton Sùlé ní kí n dárí jì yín, pé òkú ń retí rẹ̀. Mi ò tíì ṣe é. Ráímì ní òun ti ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára láti máa sọ ohun tí àgbà fẹ́ gbọ́.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ó gun alùpùpù wá sílé mi ní Tchatchou. Kò wá síbẹ̀ rí. Mo gún iyán, mo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, mo jókòó, mo ń wò ó. Ó fi òkèlè kan sẹ́nu, ó gbé e mì.

"Àbúrò mi," ló wí, "iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí."

Mo tọ́ ọ wò. Lóòótọ́ ni. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ nu ojú mi.

Ẹ sùn ire, bí oorun bá ń kùn yín níbẹ̀.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín tìbínú-tìbínú.