Èkejì Tọ́másì

Ọjọ́rú, lẹ́yìn àdúrà alẹ́

Ìbéèrè Kẹ́hìndé kò kúrò lọ́kàn mi. Ní kíláàsì Bíbélì lónìí, mo ṣàlàyé pé "Dídímù," orúkọ tí a ń pe Tọ́másì, ìbejì ni ó túmọ̀ sí.

"Bàbá, èkejì rẹ̀ wá dà?" ni Kẹ́hìndé béèrè.

Ìyá Ìjọ ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu: "Kẹ́hìndé ni Tọ́másì! Ṣebí òun ni ó pẹ́ dé lọ́jọ́ tí Jésù fara han àwọn yòókù!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Kẹ́hìndé.

Mo sọ fún un pé àwọn ìwé àtijọ́ kan wà, tí àwọn baba ìjọ kò fi sínú Bíbélì, tí wọ́n pe Tọ́másì ní ìbejì Jésù fúnra rẹ̀. Mo tètè fi kún un pé àwa kò gbà wọ́n.

"Ó yé mi, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n sin èkejì rẹ̀ láìjẹ́ kí ó fojú rí i, yóò fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kí ó tó gbàgbọ́."

Ìgbà òjò ni Táyé rẹ̀ kú ní Ìgèdè. Àwọn àgbà ilé wọn ní ìbejì kò gbọdọ̀ rí ibojì èkejì rẹ̀. Títí di òní, aṣọ méjì-méjì ni ó ń rà.

Síbẹ̀, n kò gba àwọn ìwé wọ̀nyẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n Olúwa kò ní kí Tọ́másì má fọwọ́ kan òun. Ó ní kí ó mú ọwọ́ rẹ̀ wá.

Láàárọ̀ ọ̀la, èmi àti Kẹ́hìndé yóò wọ ọkọ̀ Ìgèdè. Kí àwọn àgbà wọn bá mi wí bí wọ́n bá fẹ́.