Ilẹ̀kùn Tí Mo Fá Nígbà Òjò

Ọjọ́bọ̀. Ọyẹ́ mú gan-an.

Inú ń bí mi débi pé n kò lè jẹun. Ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi kàn sí yàrá ìyá mi ti súnkì. Ọwọ́ mi ń wọ àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Aṣọ ni Ìyá fi dí i nítorí òtútù.

Nígbà òjò, tí ilẹ̀kùn náà ń há, àwọn tí a jọ ń fi iṣẹ́ igi najú lórí Wasáàpù ní kí n fi ìfági fá a. Alájì Ràímì ará Àràndún nìkan ló ní: “Àbúrò, omi ni igi náà mu yó. Dúró de ọyẹ́.”

Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀ lójú gbogbo wọn. Mo fá a.

Lónìí, mo bi wọ́n pé kí ni kí n ṣe. Alájì nìkan ló fèsì: “Mo ní pákó gbígbẹ nílé tí a lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Máa bọ̀.”

Ì bá kúkú bú mi.