Òrùka Mímọ́ Lórí Àwo Rẹ

Ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ, aya mi ọ̀wọ́n. Ọdún mẹ́rin! Síbẹ̀, bí atẹ́gùn bá gbé òórùn èèpo edé wọlé, ọkàn mi á dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Ọmọ rẹ obìnrin ló jókòó sórí àga rẹ ní yàrá ìwádìí báyìí. Ó ti ga jù ọ́ lọ. Ẹ̀wù funfun rẹ ló ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni apá ẹ̀wù náà kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Àwọn kòkòrò rẹ náà ń bẹ, àwọn tí ojú lásán kò lè rí, tí o bù láti inú ilẹ̀ tí èèpo edé ti ń jẹrà. Ìwọ lo kọ́ wa pé wọ́n ń tú èròjà kan jáde, tó ń gé kaitosáànì, ohun líle tí ẹ yọ lára èèpo náà, sí wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ yìí ni ọ̀gbìn tòmátì ń mu, tí àrùn kì í fi í rí i gbé ṣe.

Lẹ́yìn tí o lọ, àánú wọn ṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Ọmọ aláìníyàá ni wọ́n pè wọ́n, ni wọ́n bá ń fi ṣúgà kẹ́ wọn. Wọ́n yó, wọ́n bí sí i bí eṣú, ṣùgbọ́n wọn ò gé nǹkan kan mọ́. Kaitosáànì tí wọn ò gé mú kí àwo tí wọ́n ń gbé ṣú bàìbàì bí ìkùukùu àárọ̀. Ọ̀gá yàrá ìwádìí ní kí wọ́n kúkú dà wọ́n nù, pé ẹni tó ni wọ́n ti kó agbára wọn lọ. Àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tún ọ sin!

Ọmọ rẹ ló rántí bí o ṣe máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tó bá kọ oúnjẹ: “Ẹni tó ń lá ṣúgà, kí ló fẹ́ fi eyín ṣe?” Ó gba ṣúgà lẹ́nu wọn. Kaitosáànì tó ti ara èèpo edé jáde nìkan ló ń fún wọn.

Lánàá, ó pè mí wá wò ó. Nínú ìkùukùu àwo náà, òrùka ti là yí wọn ká níbi tí wọ́n ti gé kaitosáànì tán, ó mọ́ gaara, bí ìmọ́lẹ̀ tó máa ń yí òṣùpá ká. Ó gbé e sójú fèrèsé. Ọwọ́ rẹ ni mo rí, ọwọ́ rẹ gan-an!

Èmi náà, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ dídùn kẹ́ mi títí: gbàgbé, ó ti tó, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìrántí rẹ ni oúnjẹ mi, bó tilẹ̀ le bí èèpo.

Àárò rẹ ń sọ wá. A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀síbẹ̀. Sùn re, olólùfẹ́ mi. Àwọn kòkòrò rẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́.