Àfonífojì Tí Ìwé Ní Kò Sẹ́ni Tó Gbé Ibẹ̀ Rí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú kíláàsì tí wọ́n kọ́ fún ọgbọ̀n. Ohùn mi ti há. Ẹsẹ̀ mi wú bíi búrẹ́dì. A bẹ̀rẹ̀ orí tuntun nínú Ẹ̀kọ́ Àwùjọ: Ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Wa àti Àwọn Ènìyàn Rẹ̀. Òkè, odò, oko, iṣẹ́ ọwọ́ — ọdún kọkànlélógún rèé tí mò ń kọ́ wọn. Mo lè kọ́ ọ lójú oorun.

Ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n, àwòrán dáàmù ńlá. Mo kà á sókè: "Kí wọ́n tó kọ́ dáàmù yìí, igbó ni àfonífojì náà. Kò sí ẹnì kankan tó ń gbé ibẹ̀." Mo fi kún un, bí mo ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, pé bàbá mi wà lára àwọn awọnlẹ̀ tó wọn ibẹ̀. Mo máa ń gbé àyà síta díẹ̀ tí mo bá dé ibi yẹn.

Kílódé nawọ́. (Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nínú ìwé yìí nìkan. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì kó má bèèrè kí ló dé.) Ó ní, "Tíṣà, ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá bàbá mi sí." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní ṣé ẹja ni ìyá bàbá ẹ ni? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹfà

Ó rẹ̀ mí. Ìyẹn náà tó.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà

Kílódé mú bébà kan wá, àwòrán àfonífojì náà. Ìyá àgbà rẹ̀ ń sọ, òun ń yà á. Ilé mẹ́tàlélógún, kànga kan, ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn kànga lọ sétí odò. Ó kọ iṣẹ́ baálé kọ̀ọ̀kan sára ilé rẹ̀ — alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà, "ẹni tó máa ń bínú". Irọ́ kì í ní irú ìyẹn nínú. Mo mọ irọ́ ọmọdé, mo ti jẹ ẹ́ yó láti ọjọ́ tó pẹ́.

Síbẹ̀ mo sọ fún un pé ohun tó wà nínú ìwé la ó kọ. Ó ní kí ló dé. Mo pe orúkọ ọmọ mìíràn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà

Bàbá Aago pè mí sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá ilé-ìwé wa nìyẹn, mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ kó má wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bébà ọmọ yẹn ti ń kiri láàárín àwọn ọmọ, ó ti dé etí rẹ̀. "Mà, ohun tó wà nínú ìwé ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Ìdánwò ń bọ̀. Ìtàn ìyá àgbà ò ní máàkì." Mo ní mo gbọ́. Ọdún mẹ́ta ló kù kí n fẹ̀yìntì. Kí ló kàn mí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà

Mo ń wẹ̀ fún Bàbá mi láàárọ̀. Ọdún méjìlélọ́gọ́rin, orúnkún ti kọ̀ wọ́n, ọpọlọ ò kọ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Bí mo ṣe ń fọ ẹ̀yìn wọn, mo kàn fi ṣàwàdà: "Bàbá, ọmọ kan ní kíláàsì mi ní ibi dáàmù yẹn ni wọ́n bí ìyá àgbà òun sí."

"Igbó ni."

Ìdáhùn náà yá jù. N kò tíì bèèrè ìbéèrè kankan.

Wọn ò jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹfà

Bàbá kọjú sí ògiri látàárọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà

Mo ń wá bàtà mi kí n lè máa lọ síbi iṣẹ́ ni Bàbá pè mí. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní mo ti pẹ́. Wọ́n ní kí n pẹ́.

Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta sẹ́yìn, wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, igbákejì awọnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi wà ní àfonífojì yẹn. Wọn kò sùn sí àgọ́. Ilé ará ibẹ̀ kan ni wọ́n sùn, oúnjẹ wọn ni wọ́n jẹ. Nígbà tí wọ́n padà, ọ̀gá wọn ní tí a bá kọ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀, ìjọba á ní láti kọ́lé fún wọn níbòmíràn, iṣẹ́ á falẹ̀. Ó ní, "Kọ igbó síbẹ̀." Ó sì ní àyè ń ṣí lókè.

"Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́," ni Bàbá wí. "Ipò tí wọ́n fún mi lẹ́yìn ẹ̀ ni mo fi rán ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́."

Mo dìde. Mo lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tó di ìsinmi ọ̀sán ni olùkọ́ kejì sọ fún mi pé mo dé bọ́tìnnì mi lódìlódì.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ ṣírò ọmọ mélòó ni mo ka gbólóhùn yẹn fún. Èmi ò ní ṣírò.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹfà

Bàbá ní kí n mú àwọn lọ bá ìyá àgbà ọmọ yẹn. Mo ní rárá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ọ̀rọ̀ tó ti rì sómi, ta ló ń wá a? Wọ́n ní, "Tí n kò bá lọ lónìí, ṣé òkú mi lo fẹ́ gbé lọ?"

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹfà

A lọ. Àtẹ̀gùn ilé náà jẹ́ méjìlá, ìgbà mẹ́ta la sinmi. Kílódé ló ṣílẹ̀kùn, ó rí mi, ó rò pé a wá fi ẹjọ́ òun sùn ni.

Ìyá àgbà rẹ̀ jókòó létí fèrèsé, wọ́n ń rán etí aṣọ. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Bàbá kí wọn. Abẹ́rẹ́ dúró.

"Bùrọ̀dá Gíga?" Wọ́n dìde. "Ẹ̀yin lẹ máa ń kan orí mọ́ àtẹ́rígbà wa!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n jẹ́ nígbà yẹn. Ilé wọn gan-an ni Bàbá sùn. Ìyá wọn ló ń se oúnjẹ fún Bàbá. N kò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú mi sí.

Ìyá àgbà náà ní: "Nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù, ìyá mi ò kó. Wọ́n ní Gíga ti ṣèlérí, á sọ fún àwọn ìjọba pé a wà níbẹ̀. Omi dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó gbà láti dìde. Ohun tí a gbé lórí nìkan la mú jáde." Wọ́n wá bèèrè, jẹ́ẹ́: "Ṣé wọn ò gbà yín gbọ́ ni?"

Tí Bàbá bá fẹ́ parọ́, ọ̀nà ti là. Mo fẹ́ kí wọ́n parọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo fẹ́ ẹ.

Bàbá ní, "N kò sọ fún wọn."

Ìyá náà ká aṣọ tí wọ́n ń rán. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kílódé wò mí, ó wo Bàbá, kò bèèrè nǹkan kan. Ìgbà tí mo ń gbé Bàbá dìde ni a gbọ́ ohùn ìyá náà láti inú yàrá: "Ẹ sọ fún wọn báyìí."

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

Ìdánwò. Ìbéèrè keje: Àwọn wo ló ń gbé àfonífojì kí wọ́n tó kọ́ dáàmù? Ìdáhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́: Kò sí ẹnì kankan. Kílódé kọ: "Ìyá bàbá mi àti àwọn aládùúgbò wọn."

Mo gbé bírò pupa sókè, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo lọ pọn omi. Mo padà. Mo fún un ní máàkì kíkún.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹfà

Bàbá Aago yẹ ìwé ìdánwò wò. Ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ dé sórí tábìlì mi kí aago méjìlá tó lù. Kí ni mo rí tí mo fi fún ìdáhùn tí kò sí nínú ìwé ní máàkì? Ọjọ́ méjì ni mo ní láti fèsì. Ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́, ó lè kan ìfẹ̀yìntì mi. Bàbá Aago sọ fún mi lábẹ́lẹ̀, láìwo aago: "Mà, ẹ kàn kọ pé ẹ ṣe àṣìṣe."

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹfà

Mo kọ èsì náà láàárọ̀ yìí, ìlà mẹ́rin péré. Mo ní òótọ́ ni ohun tí ọmọ náà kọ. Mo ní ìwé ló ṣì í, mo sì mọ bó ṣe ṣì í. Mo kà á fún Bàbá. N kò dárúkọ wọn.

Wọ́n ní kí n gbé bírò wá. Mo ní kò pọn dandan, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n na ọwọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi fún wọn.

Lábẹ́ ìlà mi wọ́n kọ orúkọ wọn ní kíkún, ipò tí wọ́n wà nígbà yẹn, àti pé: "Mo bá wọn gbé. Mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo kọ pé wọn kò sí." Ó gbà wọ́n tó ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́tà kan ń gun orí èkejì, n kò bá wọn di bírò mú.

Mo ti fi lé Bàbá Aago lọ́wọ́. Ó kà á tán, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un kà.