Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ajíhìnrere Tí Wọ́n Ní Ìdánìkanwà Lé Kúrò Ní Kaboua

Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Ìrètí,
Ẹ̀ka Kaboua,
Savè.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, ọdún 1978.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àwọn Ajíhìnrere,
Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Ìrètí,
Porto-Novo.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌDÁNÌKANWÀ KỌ́ NI Ó LÉ AJÍHÌNRERE FRANÇOIS LỌ: Ẹ MÁ ṢE TI ILÉ ÌJỌ WA

1. Èmi, Hélène Àṣàbí, Ìyá Ìjọ ní Kaboua, ni mo ń kọ̀wé yìí lórúkọ gbogbo ìjọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, Pásítọ̀ Antoine tí ẹ rán sí wa ka àwọn ohun tí Ìgbìmọ̀ ní ó ń mú kí àwọn ajíhìnrere pa iṣẹ́ tì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ń sá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ajíhìnrere yín: ibà, omi tí kò mọ́, àti ìdánìkanwà. Ó ní ìdánìkanwà ni ó lé Ajíhìnrere François padà sí ilẹ̀ Faransé. Nítorí náà, ẹ kò ní í rán ẹnikẹ́ni sí abúlé mọ́, ẹ ó sì ti ilé ìjọ wa ní oṣù tí ń bọ̀.

2. Ẹ̀yin Ọ̀gá, a gba ti ibà. A gba ti omi, àwa náà ń mu ún. Ti ìdánìkanwà ni kò ṣeé gbé mì.

3. Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Nígbà ìkórè iṣu tí ó kọjá, tẹlẹgíráàmù dé pé ìyá Ajíhìnrere François kú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún wa lẹ́yìn àdúrà. Ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ṣé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni a ó wá fi sílẹ̀ kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀? A ṣí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àgbàlá ti kún. Èmi ni mo pín iṣẹ́: àwọn obìnrin ní ọ̀sán, àwọn ọkùnrin ní alẹ́. Bí ó bá sùn, ẹni méjì wà ní ìdí ibùsùn. Bí ó bá lọ sí ilé ìyàgbẹ́, àwọn alàgbà a sìn ín lọ, wọn a sì dúró síta, wọn a máa bá a sọ̀rọ̀, kí àárò má baà sọ ọ́.

4. Ó bẹ̀ wá, pẹ̀lú Yorùbá tí ó já gaara, pé òun fẹ́ wà ní òun nìkan pẹ̀lú Ọlọ́run. Àánú rẹ̀ ṣe wá gan-an. A rí i pé ìbànújẹ́ ti fẹ́ kan orí rẹ̀, ni a bá fi ènìyàn kún ènìyàn. Ó sá lọ sí oko kajú. A bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ẹní àti iyán gbígbóná.

5. Kámáráádì Kamarou, tí ó jẹ́ aṣojú Ìjọba ní abúlé wa, wá béèrè ẹni tí ó fún wa láṣẹ láti pe ìpàdé. Nígbà tí ó gbọ́ pé ìyá ni ó kú, ó ṣí fìlà, ó sì béèrè àga. Láti ọjọ́ náà, òun ni kì í tètè lọ sílé. Ó fi ọ̀rọ̀ ìjàkadì àwọn òṣìṣẹ́ ayé tu Ajíhìnrere nínú títí ojú Ajíhìnrere fi pọ́n.

6. Ibi tí àṣìṣe wà nìyí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í sọ pé kí ènìyàn máa lọ. Yóò pe ẹni tí ó dàgbà jù ní ìjókòó, yóò ní kí ó bá òun kí gbogbo ènìyàn. Bí a bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù yóò ká ẹní rẹ̀. Ọmọdé Kaboua mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó sọ fún François, nítorí a kì í kọ́ ọlọ́fọ̀ bí yóò ṣe lé àlejò. Àwa ń retí kí ó pe àgbà. Òun ń retí kí ó rẹ̀ wá. Irú rẹ̀ kì í rẹ̀ wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan a bá ibùsùn rẹ̀ ní títẹ́. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin ní Savè. Àwọn tí oorun gbé lọ nídìí ibùsùn ti gba ìbáwí tiwọn.

7. Wọ́n ní ènìyàn laṣọ. Bóyá èyí tí a dà bo Ajíhìnrere ti nípọn jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìhòòhò ni a fi í sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ bá wa yọ Kaboua kúrò nínú ẹ̀sùn ìdánìkanwà. Ní ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ tó kọ́ wọn ní ìwàásù, ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń ní kí àgbà báni kí ènìyàn. Kí ẹ má sì ti ilé ìjọ wa. Orí mi yìí ni mo fi ru omi tí a fi po amọ̀ rẹ̀, nígbà tí oyún àkọ́bí mi wà nínú mi. Bí ẹ bá tì í, yóò dùn mí dé egungun.

8. Pásítọ̀ Antoine ń bínú sí François. Àwa kò bínú. Ó ti sọ fún wa rí pé òun nìkan ni ìyá òun bí, bàbá òun kò sì sí láyé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wádìí ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá sí ẹnìkan, ẹ dá a padà fún wa. Kí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. A ó jókòó síta.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,

Hélène Àṣàbí,
Ìyá Ìjọ, Kaboua.